Àlàfo Ẹ̀yìn Ààrò

Bàámi tí mo fẹ́ràn, tí mo sì ń bínú sí,

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fèsì. Nígbà tí ẹ wà láyé náà, ẹ kì í tètè fèsì. Bí èèyàn bá bi yín ní nǹkan, ẹ máa kọ́kọ́ họ ẹ̀yìn ọrùn, ẹ máa wo òkè àjà, ìgbà tó bá sú onítọ̀hún ni ẹ máa tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ máa họ ọrùn yín lọ níbẹ̀ kí n fi sọ tèmi tán. Mo hu ìwà kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí n kò lè sọ fún Màámi, torí ẹkún ni wọ́n máa sun. Ẹ̀yin ló kàn.

Mo ṣì wà ní ọ́fíìsì kékeré yẹn ní Àjàó Estate, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń kọjá lórí wa débi pé gbogbo wa máa ń panu mọ́ kó tó kọjá tán. Yàrá tí wọ́n ń kó ẹja àti ẹran dídì sí ni à ń ya àwòrán ẹ̀ jù. Ọ̀gá wa, ìyá ará Èkìtì kan tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, ra ètò kọ̀ǹpútà tuntun kan. Tí a bá gbé àwòrán nǹkan sínú ẹ̀, tí a sọ ibi tí iná wà fún un, ó máa fi ibi tí ooru máa dé hàn wá ní pupa, àti bó ṣe máa pọ̀ tó, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ nǹkan náà rárá. Èmi ni Mummy ní kí n kọ́ ọ. N ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Fídíò ni mò ń wò, mò ń dá a dúró, mò ń dá a padà, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Orí ẹ̀ ni mo wà nígbà tí Ìyá Ráṣídá wọlé. Ẹ ò lè gbàgbé Ìyá Ráṣídá oníbúrẹ́dì ní Okota, tí a gbé yàrá ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí a tó kó lọ sí Ìsọlọ̀. Ààrò tí ẹ mọ fún wọn ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ṣì ń fi yan búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Wọ́n fẹ́ mọ òmíràn síbẹ̀, èyí tó tóbi jù ú lọ. Àmọ́ ilé náà ti bọ́ sọ́wọ́ onílé tuntun, onílé yẹn sì ní iná kankan ò ní jó níbẹ̀ mọ́ àfi tí ẹnjiníà bá kọ ọ́ síwèé pé ògiri àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní gbóná. Aránṣọ kan àti àwọn ọmọ ẹ̀ ló wà nínú yàrá wa àtijọ́ báyìí. Tí ìwé ò bá jáde, Ìyá Ráṣídá máa kó kúrò níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó kékeré. Mummy wojú mi, wọ́n ní ọmọ alààrò kúkú wà níbí, kí n gbà á ṣe.

Ta ló máa wá mọ ààrò náà? Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí. Kàmọ́rù ni, ọmọ iṣẹ́ yín. Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù, kí ẹ má bàa ní wọn ò kọ́ mi nílé. Irungbọ̀n ẹ̀ ti ń funfun. Irin tí ẹ fi ń rẹ́ ògiri wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀yin lẹ fún un, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ó ń gbé èjìká òsì wálẹ̀ tó bá ń rìn, bí ẹ ṣe ń gbé e gẹ́lẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan bi mí ní Okota bóyá mo mọ ilé ọmọ Bàbá Alààrò. Mo ní èmi nìyí. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o, ọkùnrin tó ń mọ ààrò ni òun ń wá. Bàámi, mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí bàtà já mọ́ lẹ́sẹ̀ lójú títì. Mo júwe ilé Kàmọ́rù fún un. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹ̀yin kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ yín sídìí Kàmọ́rù. Tí a bá gba ọlidé, mo máa ń gbé omi mímu yín wá dé ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, ẹ̀yin ò sì jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wò yín. Ẹ máa na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ẹnu ààrò, ètè yín á máa mì, ẹ̀ ń kà á sínú. Ẹ máa bu ìyẹ̀fun tíntín, ẹ máa fọ́n ọn sí ilẹ̀ ààrò, ẹ máa wò ó bó ṣe ń pọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ máa pe Kàmọ́rù kó wá na ọwọ́ tiẹ̀ náà. Èmi ńkọ́? Kí n lọ kàwé ni. Mo kà á. Ìwé tí mo kà ló padà gbé mi dé ìdí iná tí ẹ ń lé mi kúrò nídìí ẹ̀. Kí lẹ wá rí sí i?

Kàmọ́rù ti kọ́ àwòrán kọ̀ǹpútà. Ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìtòsí ọjà Aswani láàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ó kọ́ ọ tán. Ó ya ààrò tuntun náà bí ẹ ṣe máa ń mọ ọ́, ní bíríkì kọ̀ọ̀kan, ó fi fáìlì ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Mo ṣí i. Ààrò yín ló ń yí po lójú kọ̀ǹpútà mi yẹn, ẹnu ẹ̀ rèé, òrùlé rèbété ẹ̀ rèé, ihò èéfín ẹ̀ rèé. Ó dára. Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn, pé ó dára. Kí n tó ṣe ohunkóhun, ibi tí mo ti lè bá a wí ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fìdí rẹmi. Àwòrán tó bá ti ibòmíì wọlé, ara ẹ̀ nìkan ló máa ń wọlé, ètò wa kì í mọ èyí tó jẹ́ amọ̀ àti èyí tó jẹ́ yanrìn. Tí èèyàn ò bá sọ fún un, irin ni ó máa pe gbogbo ẹ̀. N ò sọ fún un. Mo tan iná, mo ní kó ṣírò, gbogbo ààrò pọ́n wẹ̀ láti inú dé ìta bí ìdí àgbá tó wà lórí iná. Mo ti di alágbẹ̀dẹ. Mo padà sẹ́yìn, mo ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí amọ̀, èyí bíríkì, èyí yanrìn, títí mo fi dé ohun kan tó nípọn lábẹ́ ilẹ̀ ààrò. Kàmọ́rù kọ ọ́ sí i lára: iyọ̀ àti àfọ́kù ìgò.

Mo rántí àpò àfọ́kù ìgò tí ẹ máa ń kó jọ sẹ́yìn ilé, àti iyọ̀ oníhóró tí ẹ máa ń dà lé e lórí. Nígbà yẹn mo rò pé ẹ ń fi iyọ̀ sí ààrò kí búrẹ́dì lè dùn ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tó ń dá ooru dúró sábẹ́ búrẹ́dì nìyẹn. Ó yẹ kí n pe Kàmọ́rù kí n bi í ìka mélòó ni iyọ̀, ìka mélòó ni ìgò. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. N ò pè é. Kí Kàmọ́rù wá máa kọ́ mi ní ààrò bàbá mi? Mo lọ wá iye kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fi sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Olùkọ́ inú fídíò yẹn ní tí àwòrán bá ti ibòmíì wọlé, ẹ̀yà ara ẹ̀ lè má fara kanra, ibi tí wọn ò bá sì ti fara kanra, ooru ò ní kọjá, èsì á di irọ́. Ó ní kí a wá gbogbo àlàfo bẹ́ẹ̀, kí a pa wọ́n dé. Mo wá wọn. Wọ́n pọ̀ láàárín àwọn bíríkì, wọ́n tín-ín-rín bí irun orí. Mo pa wọ́n dé. Ìgbà tí mo yí àwòrán náà, mo rí ńlá kan láàárín ẹ̀yìn ààrò àti ògiri ilé. Mo wọ̀n ọ́n: mìlímítà mẹ́tàléláàádọ́ta. Gbogbo ìwọ̀n tó kù nínú àwòrán yẹn gún régé, ọgọ́rùn-ún, igba, ọ̀ọ́dúnrún. Eléyìí nìkan ló rí wọ́gọwọ̀gọ. Mo bú sẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ Bàbá Alààrò, kò mọ ibi tí ògiri wà. Mo fa ògiri náà títí tó fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ààrò típẹ́típẹ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àìfarabalẹ̀ wà nínú àwòrán, mo ti bá wọn tún un ṣe.

Ìgbà tí èsì jáde, ògiri yàrá aránṣọ yẹn pọ́n. Ọwọ́ ò ní gbà á. Inú mi dùn, Bàámi. Mi ò ní purọ́ fún òkú. Inú mi dùn débi pé mo lọ ra míníráà tútù kan, mo sì rọra ń mu ún lójú fèrèsé. Mo kọ ọ́ pé ààrò náà kò yẹ níbẹ̀ rárá. Mo gbé e fún Mummy lọ́jọ́ Fúráìdè. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni Mummy fẹ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí onílé.

Ọjọ́ Túsìdeè ni Kàmọ́rù wọlé, fìlà lọ́wọ́. Ìyá Ráṣídá ti gbọ́, wọ́n sì ti sọ fún un. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ní, "Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Jẹ́ n wò ó." Àbúrò ta ni? Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ó wò ó títí. Ó wá họ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀, ó wo òkè àjà, Bàámi, gẹ́lẹ́ bíi yín. Ó kù díẹ̀ kí n ju pẹ́ẹ̀nì lù ú.

Ó ní, "Ọwọ́ ọmọ dà?"

Mo ní ọwọ́ ọmọ wo. Ó na ìka sí ẹ̀yìn ààrò. "Àyè tó wà níbí. Ọwọ́ ọmọ la máa ń pè é. Ìwọ lo dí i?" Mo ní àṣìṣe ẹ̀ ni mo bá a tún ṣe. Ó kàn ní bóyá mo ráyè, kí n bá òun dé Okota báyìí, iná wà nínú ààrò láti àárọ̀. Mo tẹ̀lé e torí mo fẹ́ kí ojú tì í níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wa dé ibẹ̀. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ ti jáde, gbogbo ilé ń ta sánsán, ooru ò jẹ́ kí èmi náà lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ààrò yẹn tòótọ́. Kàmọ́rù mú mi yí ká sẹ́yìn, sí yàrá wa àtijọ́. Aránṣọ yẹn ní kí a wọlé. Ọmọ ẹ̀ obìnrin kan ń sùn lórí ẹní, ó lẹ ẹ̀yìn mọ́ ògiri tí ààrò wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà. Ó tutù bí ìdí ìkòkò omi. Mo sún ọwọ́ sókè, mo sún un sísàlẹ̀. Ó tutù.

Kàmọ́rù ò yọ̀ mí. Ì bá sàn kó yọ̀ mí. Ó gun àkàbà kan ní ìta, ó fi hàn mí níbi tí òkè àlàfo náà ti ṣí, tí ooru ń gba ibẹ̀ jáde. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kò jẹ́ kí èèyàn máa rí i. Ó wá mú igi kékeré kan jáde nínú báàgì ẹ̀, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, kò gùn ju ìka mi lọ. Ó fi há àárín àlàfo náà, ó wọlé gẹ́ẹ́.

Ó ní ààrò tí ẹ kọ́kọ́ mọ síbẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjì, ìdí ògiri yẹn ni mo ń sùn, ooru sì sú mi lára láti ọrùn dé ìdí, mò ń ké tọ̀sán tòru. Ẹ gbé òòlù, ẹ wó ẹ̀yìn ààrò tuntun tí wọn ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Nígbà tí ẹ fẹ́ tún un mọ, ẹ ò mọ iye àyè tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ń tẹ́ bíríkì, ẹ ń ṣí i. Èmi ni mo rìn tẹ́tẹ́ wá síbẹ̀, tí mo ti àtẹ́lẹwọ́ bọ àárín bíríkì àti ògiri, tí mo wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí Kàmọ́rù di ọwọ́ náà mú bẹ́ẹ̀. Ẹ gé igi kan sí ìbú ẹ̀. Ẹ ní ibi tí ọwọ́ ọmọ bá ti gbà, ooru ò ní kọjá. Láti ọjọ́ náà, ó ní kò sí ààrò tí ẹ mọ ní Ìsọlọ̀ tàbí Òṣòdì, kò sí èyí tí òun náà mọ, tí wọn ò fi igi yẹn wọn ẹ̀yìn ẹ̀.

Mìlímítà mẹ́tàléláàádọ́ta. Ọwọ́ mi ni mo pè ní àìfarabalẹ̀.

Ẹ máa rò pé owú mi tán níbẹ̀. Kò tán. Ìgbà yẹn gan-an ló tún ru sókè, torí pé Kàmọ́rù mọ ìtàn kan nípa ara mi tí èmi fúnra mi ò mọ̀. Òun ló di ọwọ́ mi mú. Òun ni ẹ ń fi igi náà lé lọ́wọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ọjọ́ mélòó ni èmi àti ẹ̀yin jọ jókòó jẹun, tí ẹ ń bi mí ní iye tí mo gbà nínú máàkì, tí ẹ ò lè sọ èyí? Àbí nítorí ara tó sú mi yẹn ni ẹ ò ṣe fẹ́ kí n sún mọ́ iná mọ́, tí ẹ fi ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀? Mo ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí rò pé ẹ ò kà mí sí.

Mo padà sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì kọjá sọ́dọ̀ Mummy kí n tó jókòó. Mo ní ohun tó yẹ kó ṣí ni mo dí, mo sì dí i torí mo fẹ́ kó jẹ́ àṣìṣe ọkùnrin yẹn. Mummy wò mí láti òkè jígí ojú wọn. Wọ́n fa ìwé náà ya sí méjì. Wọ́n ní, "Lọ pe ọkùnrin náà kó wá jókòó tì ẹ́. Tó o bá tún fi ìbínú ṣírò ooru níbí, màá dá ẹ padà sí ìdí yàrá ẹja."

Lọ́jọ́ kejì Kàmọ́rù jókòó tì mí. Mo bi í ní gbogbo ohun tí n kò fẹ́ bi í. Iyọ̀, ìka mẹ́ta. Ìgò, ìka mẹ́rin, kí a sì fi òòlù tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo dá ògiri padà síbi tó wà, mo fi afẹ́fẹ́ sí àlàfo náà, mo ṣí òkè ẹ̀, torí ètò yẹn ò mọ afẹ́fẹ́ àfi téèyàn bá sọ fún un. Mo ní kó ṣírò. Ààrò pọ́n nínú, ó ń ṣá bọ̀ wá sẹ́yìn, nígbà tó dé àlàfo náà ó dúró. Ògiri aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ògiri ọ́fíìsì wa. Mummy fọwọ́ sí i, onílé gbà, Ìyá Ráṣídá sì fi búrẹ́dì gbígbóná ránṣẹ́ sí wa. Kàmọ́rù jẹ ìdajì nínú ẹ̀, kò tijú.

Kó tó lọ, mo ní kó fún mi ní igi náà. Mo ní ọwọ́ mi kúkú ni. Ó họ ọrùn. Ó ní òun ṣì ń fi ṣiṣẹ́. Bàámi, ó dá igi yẹn padà sínú báàgì lójú mi, mo sì jẹ́ kó lọ.

Ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni òun máa bẹ̀rẹ̀ ààrò tuntun, kí n wá, kí èmi fúnra mi fi igi náà wọn ẹ̀yìn ẹ̀. Ó ṣì ń bí mi nínú díẹ̀ pé Kàmọ́rù ló máa fún mi láyè láti lo ọwọ́ ara mi. Màá lọ. Màá kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi ọwọ́ ẹ̀ wọn gbogbo ààrò.